Ọwọ́ Òsì Tí Mo Yà, Tí Mo Tún Fà Ya

Àwọn tó gbé iṣẹ́ yìí fún mi ní kí n wá sọ ohun tí ọmọ ń jèrè nínú kíláàsì iṣẹ́ ọnà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ń kọ àwọn òbí Yorùbá lóminú ní Accra níbí, pàápàá lásìkò tí ọmọ bá fẹ́ wọ sẹ́kọ́ńdìrì àgbà, tó wá ní Visual Arts lòun fẹ́ ṣe, pé òun ò ṣe Science, òun ò ṣe Business. Gbólóhùn kan náà ló máa ń jáde lẹ́nu bàbá àti ìyá: "Kí lo máa fi jẹun?"

Mo mọ gbólóhùn yẹn dáadáa. Ìyá mi sọ ọ́ fún mi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò ìrẹsì, nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Tudu. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ẹ̀rù ló ń bà á, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ibi tí ẹ̀rù náà ti wá, torí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ni ti ẹ̀yin náà ti wá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kọ́ṣẹ́ bọ́ọ̀dù kíkọ ní ìlú yìí. Ní November 18, 1969, ìjọba Busia tó wà lórí àlééfà nígbà náà kéde pé gbogbo àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ jáde kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀yin àgbà tó wà níbí rántí. Àwọn èèyàn wa ń ta ẹrù ní ọ̀pọ̀, àwọn mìíràn ò sì rí ẹni tó máa rà á. Bùrọ̀dá ìyá mi gbé aṣọ, ó gbé ìkòkò, ó gbé ọmọ pọ̀n sẹ́yìn ìyàwó. Kò ráyè gbé pátákó tó fi ń kọ́ lẹ́tà, èyí tó ti ń kọ ABD lé lórí láti ọdún mẹ́ta, tó ń nù ún nù, tó tún ń kọ ọ́. Nígbà tó dé Ògbómọ̀ṣọ́, ọkọ̀ ló ń wà. Kò fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì mọ́ títí ó fi kú. Lójú ìyá mi, iṣẹ́ ọnà ni ohun tí èèyàn máa kọ́ títí, tí wọ́n á sì ní kó fi sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ohun tí mo lè gbé rù kí n sì máa sáré ló fẹ́ kí n kọ́.

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ owó dá yín lóhùn. Owó wà nínú iṣẹ́ yìí fún àwọn kan. Amoako Boafo tí wọ́n bí ní Accra níbí ní 1984, ilé ẹ̀kọ́ Ghanatta nígboro wa níbí ló lọ. Ní December 2021, wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ kan sí gbàǹjo ní Hong Kong, owó tí wọ́n rà á lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là. Àwọn òbí kan ti gbọ́ ìtàn yẹn, wọ́n sì ti tìtorí rẹ̀ sanwó kíláàsì fún ọmọ. Mo ń rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀, torí ọmọ kan péré nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ sí. Ohun tó yẹ ká wò lára Boafo ni pé búrọ́ọ̀ṣì ló mọ̀ ọ́n lò nígbà tó kúrò ní Accra, ṣùgbọ́n nígbà tó dé Vienna, ó gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ tó bá ti kan awọ ara èèyàn, ó wá ń fi ìka ọwọ́ rẹ̀ kùn ún. Ẹni tó ti gbàwé ẹ̀rí ni, tó tún jókòó ti iṣẹ́ ara rẹ̀, tó bi ara rẹ̀ pé kí ló kù tí mi ò tíì rí níbí. Irú ìjókòó yẹn ni mo wá sọ̀rọ̀ lé lórí. Gbogbo ọmọ ló lè kọ́ ọ, yálà ó di ayàwòrán tàbí kò dà á.

Fáìlì páálí kan ni mo mú dání yìí. Àwòrán ọwọ́ òsì mi ló máa ń wà nínú rẹ̀, 31 ni wọ́n. Ọdún tí mo wọ kíláàsì àwòrán ní ìlú yìí ni mo yà wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ Ẹtì. Kíláàsì náà wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ibùdókọ̀, láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ la sì ń gbọ́ àwọn mate tro-tro, ìyẹn àwọn ọmọ ọkọ̀ akérò, tí wọ́n ń pariwo "Circ! Circ! Circ!" Ọ̀gá tó ń kọ́ wa, ará Koforidua ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì àkọ́kọ́, ó pín bébà kọ̀ọ̀kan fún wa, ó ní kí kálukú gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ lé tábìlì kó fi ọwọ́ ọ̀tún yà á. Ó fún wa ní wákàtí kan.

Mo parí tèmi láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìka márùn-ún, èékánná márùn-ún, gbogbo rẹ̀ nà gbalaja bí ìbọ̀wọ́ tí wọ́n sá sórí okùn. Ọ̀gá dé ọ̀dọ̀ mi, ó wo bébà, ó wo ọwọ́ mi lórí tábìlì, ó ní, "Ìka mélòó lò ń rí?" Mo ní, "Márùn-ún, sà." Ó sọ ọ̀rọ̀ Twi kan ṣoṣo, "Hwɛ," ìyẹn ni pé wò ó, ó sì kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹni tó kàn.

Mo wá wò ó. Bí mo ṣe ká ọwọ́ náà kò, àtàǹpàkò ti bo ìka tó tẹ̀ lé e dé ìdajì. Ìka tó kéré jù ò hàn rárá, àfi orí rẹ̀ tó yọ díẹ̀ bí ọmọdé tó ń yọjú lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìka mẹ́ta àti àbọ̀ ni mò ń rí ní tòótọ́. Òjìji kan wà lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi tó dúdú ju ọwọ́ fúnra rẹ̀ lọ. Àpá kan sì wà lẹ́yìn ọwọ́, níbi tí ìdérí agolo mílíìkì ti gé mi ní ṣọ́ọ̀bù ìyá mi. Mo ti gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń gbé ọwọ́ yìí kiri, mò ń fi í gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn nígbà tí ọ̀tún ò bá ráyè kí wọ́n tó bá mi wí, síbẹ̀ mi ò tíì wò ó rí.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún ní ká ya ọwọ́ òsì. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ọwọ́ òsì. A rò pé ó máa sú u. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹfà, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí mi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, torí inú ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni gbogbo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mi wà. Mo ṣí fáìlì mi láti fi ti ọjọ́ náà sí i, mo rí àwọn márùn-ún tí mo ti yà ṣáájú, inú mi sì bàjẹ́. Wọ́n burú. Nígbà tí mò ń yà wọ́n, mi ò mọ̀ pé wọ́n burú, kódà mo fi ìkejì han ìyá mi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, mo rí orúnkún ìka tó wà níbi tí kò yẹ, mo rí ọrùn ọwọ́ tó rí bí igi ọṣẹ. Mo fà wọ́n ya, mo sì kó wọn jù sínú garawa ìdalẹ̀nù tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo sọ fún ọ̀rẹ́ tó jókòó tì mí pé mi ò ní padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, pé mi ò lẹ́bùn rẹ̀.

Ọ̀gá gbọ́. Ó dúró tì mí títí àwọn yòókù fi jáde, ó wá ní, "Ojú rẹ ti dàgbà ju ọwọ́ rẹ lọ. Ohun tó ń dùn ọ́ nìyẹn."

Mo ti ń kọ́ ọmọ láwòrán láti ọdún mọ́kàndínlógún, mi ò sì tíì rí ọ̀rọ̀ tó ju èyí lọ. Ojú ló ń kọ́kọ́ dàgbà. Ọwọ́ máa ń tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ọwọ́ máa ń pẹ́. Láàárín ìgbà tí ojú ti lọ síwájú tí ọwọ́ ò sì tíì dé, ọmọ máa ń rò pé òun ń bàjẹ́ ni. Iṣẹ́ rẹ̀ lóṣù yìí dára ju ti oṣù tó kọjá lọ, ṣùgbọ́n ojú tó fi ń wò ó ti le ju ti oṣù tó kọjá lọ. Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń sá. Ìgbà yẹn náà sì ni òbí máa ń sọ pé, "A ti wí fún ọ." Mo bẹ̀ yín lórúkọ Ọlọ́run, ẹ̀yin ìyá àti bàbá, ọjọ́ tí ọmọ yín bá ti kíláàsì iṣẹ́ ọnà dé, tó ní òun kórìíra ohun tóun yà, ẹ má ṣe gbà á gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ bi í pé kí ló rí nínú rẹ̀ tí kò rí lánàá.

Mo padà lọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó di òpin ọdún, ọ̀gá ní ká tẹ́ gbogbo ọwọ́ wa sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, láti ti ọjọ́ kìn-ín-ní dé ti ìkẹyìn, 36 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kálukú ń rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà tirẹ̀. Ọmọ Ga kan tó máa ń sùn ní kíláàsì dúró níwájú ọwọ́ rẹ̀ kìn-ín-ní, ó lọ wo ìkẹyìn, ó padà wá, ó tún lọ. Kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n a rí ojú rẹ̀. Tèmi bẹ̀rẹ̀ láti ìkẹfà. Ẹni tó bá wò ó á rò pé mo ti mọ̀ ọ́n yà díẹ̀ kí n tó dé. Mo ti fi ọwọ́ ara mi pa ẹ̀rí mi, kò sì sí ẹni tó lè bá mi wá a rí, torí àwọn kólẹ̀kólẹ̀ ti kó o lọ tipẹ́.

Àwọn bàbá wa tó ń gbẹ́gi mọ ọ̀rọ̀ yìí kí bébà tó dé. Àwọn agbẹ́gilére ilẹ̀ Èkìtì àti Ìgbómìnà ní orúkọ fún ọ̀nà tí iṣẹ́ ń gbà. Ọnà lílé ni àkọ́kọ́, nígbà tí àáké máa lé orí, ọrùn àti ara jáde nínú ìtì igi. Èkejì ni wọ́n ń pè ní àlétúnlé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni dídán, tí wọ́n máa fi ọ̀bẹ dán an, kó tó wá kan fínfín, nígbà tí wọ́n máa fín irun, ilà ojú àti aṣọ sí i. Ẹ gbọ́ orúkọ èkejì yẹn dáadáa: ohun tí a ti lé, a tún un lé. Agbẹ́gi máa padà sórí ibi tó ti gbẹ́ kọjá, á wá ojú àti etí jáde nínú ohun tó jẹ́ orí lásán. Kò sẹ́ni tó ń kọ́ṣẹ́ tó lè fo ìpele yẹn kó bọ́ sórí fínfín, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ yá tó. Àwọn àgbà tún máa ń fẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ ní ìlutí, ìyẹn etí tó ṣí sílẹ̀ láti gba ìtọ́ni, àti ojú ọnà, èyí tí mi ò lè túmọ̀ ju pé ó jẹ́ ojú tó mọ ibi tí iṣẹ́ ti kù díẹ̀ káàtó.

Lámidì Fákẹ́yẹ ará Ìlá Ọ̀ràngún, ilé agbẹ́gi ló ti jáde. Ó ti ń gbẹ́gi láti kékeré. Síbẹ̀, lẹ́yìn tí Fadá Kevin Carroll dá ibi iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947, Lámidì tó ti pe ara rẹ̀ ní agbẹ́gi lọ jókòó sábẹ́ George Bándélé, ọmọ Àrẹògún ti Òsì, ó sì ṣe ọmọ iṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta. Ohun tó wú mi lórí jù nínú ayé ọkùnrin yẹn nìyẹn, ó ju gbogbo ilẹ̀kùn àti òpó tó gbẹ́ lọ, ó sì ju iṣẹ́ olùkọ́ tó ṣe ní Yunifásítì Ifẹ̀ lọ. Ó gbà kí wọ́n tún òun lé.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Accra. Nígbà àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀kọ́ ọwọ́ àti ojú ni wọ́n ń pe ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ní ilé ìwé nílẹ̀ yìí. Orúkọ yẹn dára. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni kò tó nǹkan: kí ọmọ fa ilà tó tọ́, kó da àpótí àti ewé tí olùkọ́ yà sí pátákó kọ, kó máa ṣe rẹ́gírẹ́gí. Ojú tí wọ́n ń kọ́ ò ju ojú tó ń tẹ̀ lé àpẹẹrẹ ẹlòmíì lọ. Ilé ẹ̀kọ́ Achimota, tó ṣílẹ̀kùn ní 1927, wà lára ibi tí àwọn olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí ọmọ wo àyíká ara rẹ̀. Inú kíláàsì ọnà ibẹ̀ ni Theodosia Okoh kọjá, obìnrin tó ya àsíá Ghana, àti Amon Kotei tó ya àmì ọlá orílẹ̀-èdè yìí. Ọ̀pọ̀ ti sọ̀rọ̀ àwọn wọ̀nyẹn. Ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni olùkọ́ kan tó ṣòfò.

Michael Cardew lorúkọ rẹ̀, amọ̀kòkò ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó dé Achimota ní 1942. Ogun ń lọ lọ́wọ́, ọjà òkè òkun ò wọlé bó ṣe yẹ, wọ́n sì fẹ́ kí Gold Coast máa mọ ìkòkò àti àwo fúnra rẹ̀. Wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ ńlá kan sí Alájo, Alájo tá a mọ̀ yìí, tí tro-tro ń gbà kọjá lójoojúmọ́. Ìléru dààmú wọn. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n kó sínú iná ló bàjẹ́. Gbèsè ń gun orí gbèsè. Ní 1945, wọ́n ti ibẹ̀ pa. Ẹ fojú inú wo ọkùnrin kan tó ti lé lógójì ọdún, tí wọ́n fi owó ìjọba ṣe iṣẹ́ lé lọ́wọ́, tó wá dúró láàárín àfọ́kù ní Alájo. Ó lè padà sílé. Vume ló lọ, létí odò Volta, níbi tí àwọn obìnrin ti ń mọ ìkòkò láti ayébáyé. Ó mọ ìléru kékeré kan, ó tún bẹ̀rẹ̀, títí àìsàn fi lé e padà sílé ní 1948. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ó ti wà ní Nàìjíríà, níbi tí wọ́n ń pè ní Abuja nígbà náà, èyí tó di Suleja lónìí. Ilé ẹ̀kọ́ amọ̀ tó dá sílẹ̀ níbẹ̀ kéré, ó mọ níwọ̀n ohun tí èèyàn lè bójú tó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Alájo ló jẹ́ kó mọ ìwọ̀n náà, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn àṣìṣe náà sílẹ̀ láìbò ó mọ́lẹ̀.

Ní 1954, obìnrin kan wọ ilé ẹ̀kọ́ yẹn, Ladi Kwali, ọmọ Gbagyi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní ogún náírà nínú àpò, ẹ yí i padà, ẹ máa rí i níbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò rẹ̀. Ògbóǹtagí amọ̀kòkò ni kó tó débẹ̀. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo àgbá tó ń yí, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi iná líle sun ìkòkò tó ń dán, ṣùgbọ́n kò ju ìkòkò àfọwọ́mọ rẹ̀ nù, kò sì ju alángbá àti àkekèé tó ń fín sí ara rẹ̀ nù. Èmi ò gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé Cardew ló sọ ọ́ di ẹni ńlá. Ó bá a ní ẹni ńlá. Ohun tí Ladi rí níbẹ̀ ni àyè láti tún wo ohun tó ti mọ̀ ọ́n ṣe láti ilé.

Mo ní láti sọ àṣìṣe tèmi náà, torí olùkọ́ ni mo jẹ́, mi ò sì fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé ọmọ nìkan ló ń dàgbà ní kíláàsì. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mò ń kọ́ àwọn ọmọ kan ní Madina lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, tí ìyá rẹ̀ ń ta wáákyé, ìrẹsì tí wọ́n bá ẹ̀wà sè. Mo ní kí wọ́n ya ohun èlò kan láti ilé. Ó ya abọ́ ńlá tí ìyá rẹ̀ ń bu wáákyé sí, pẹ̀lú ewé tí wọ́n fi ń dì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹnu abọ́ tó yà fẹ̀ roboto, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bí òṣùpá. Nínú ìwé, wọ́n kọ́ wa pé ẹnu abọ́ tó wà lórí tábìlì máa ń fẹjú díẹ̀ ni, ó máa ń rí pẹlẹbẹ bí ẹyin tó dùbúlẹ̀. Òpin táàmù ń bọ̀, a fẹ́ gbé iṣẹ́ àwọn ọmọ sára ògiri káwọn òbí wá wò ó. Mo gba lẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ rẹ̀, mo pa ẹnu abọ́ náà rẹ́, mo ya èyí tó tọ́. Ó gbà mí ní bí ìṣẹ́jú méjì. Ó ní, "Ẹ ṣé, sà."

Lọ́jọ́ tí àwọn òbí wá, ìyá rẹ̀ dúró níwájú àwòrán yẹn, ó ní ó dára. Ọmọ náà ò sún mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n ń kó iṣẹ́ wọn lọ sílé, ó fi tirẹ̀ sílẹ̀ lára ògiri. Mo pè é. Mo ní, "Kí ló dé?" Ó wolẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá sọ fún mi pé orí àpótí lòun máa ń dúró sí láàárọ̀, bóun bá ń bá ìyá òun bu oúnjẹ, torí òun ò ga tó abọ́ náà. Bóun ṣe ń rí i láti orí àpótí lòun ṣe yà á.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tí ọmọ yìí rí ló yà. Láti òkè, ẹnu abọ́ máa ń fẹ̀ roboto lóòótọ́. Èmi tí wọ́n ti sọ fún ní "Hwɛ" láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, èmi ni mo ya ohun tí mo mọ̀ lé orí ohun tí ó rí. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò fi lẹ́ẹ̀dì kan bébà ọmọ kankan mọ́. Bí mo bá fẹ́ fi nǹkan hàn án, mo máa ń yà á sórí bébà tèmi, á wò ó, á sì mú èyí tó bá wúlò fún un. Mo sì ń bẹ ẹ̀yin olùkọ́ tẹ́ ẹ wà níbí, àti ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ máa ń bá ọmọ parí iṣẹ́ ilé lóru torí kó lè gba máàkì, pé kẹ́ ẹ gbé ọwọ́ yín kúrò. Àwòrán á dára sí i lóòótọ́. Ọmọ ò ní sí nínú rẹ̀ mọ́.

Ìgbà tí mo ń ronú lórí abọ́ wáákyé yẹn ni iṣẹ́ ọnà El Anatsui tó yé mi. Wọ́n bí i ní Anyako ní 1944, ó kàwé iṣẹ́ ọnà ní Kumasi, níbi tí èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n kọ́ wọn ti jẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ funfun. Ó parí, ó gbàwé ẹ̀rí. Síbẹ̀, ó lọ ń wo àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní Kumasi, àwọn tó ń hun aṣọ, àwọn tó ń tẹ àmì adinkra sáṣọ, bí ẹni tó tún bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé láti kíláàsì kìn-ín-ní. Nígbà tó ń ṣe olùkọ́ ní Winneba, àwọn àwo pátákó roboto tí àwọn obìnrin ọjà fi ń pàtẹ ló mú, ó ń fi irin gbígbóná jó àmì sí wọn lára. Àwo tí gbogbo èèyàn ti rí ní ọjà Makola ni, tí ẹnikẹ́ni ò wò. Ní 1975 ló kọjá sí Nsukka ní Nàìjíríà, níbi tó ti wá fi ìdérí ìgò ọtí so aṣọ ńláńlá tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà ní Venice ní 2015. Àwo ọjà ló ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn àwo náà sì wà nínú àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, èèyàn lè tẹ̀ lé e láti ibẹ̀ dé ibi tó dé.

Ẹ lè wá bi mí báyìí pé kí ni mo wá ń ṣe ní kíláàsì mi. Ohun kékeré ni. Ọmọ kankan ò gbọ́dọ̀ fa iṣẹ́ rẹ̀ ya. Gbogbo bébà ló máa ní ọjọ́ lẹ́yìn, bó ti wù kí ohun tó wà níwájú burú tó, yóò sì wọ fáìlì páálí tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán fúnra wọn. Ní oṣooṣù, ọmọ máa kó gbogbo rẹ̀ jáde, á mú ọ̀kan tí kò fẹ́ràn, á sì kọ gbólóhùn kan sẹ́yìn rẹ̀, ní èdè tó bá wù ú, nípa ohun tó rí níbẹ̀ báyìí. Mi ò fún gbólóhùn yẹn ní máàkì. Ọmọkùnrin kan kọ ọ́ pé, "Mi ò mọ̀ pé òjìji ní àwọ̀." Òmíràn kọ ọ́ pé imú bàbá òun gùn ju bóun ṣe rò lọ. Ọ̀kan kọ ọ̀rọ̀ kan péré, "Mo yára." Ọmọ tó kọ ìyẹn ti ń kàwé nọ́ọ̀sì báyìí, kò ya àwòrán mọ́. Ó wá kí mi nígbà ọdún Àjíǹde, ó ń sọ fún mi bóun ṣe ń wo èékánná àti ẹyinjú aláìsàn kóun tó wo ìwé tí wọ́n kọ nípa rẹ̀. Mi ò lè sọ pé kíláàsì mi ló kọ́ ọ. Mo kàn mọ̀ pé nígbà tó ń ṣàpèjúwe ẹyinjú àwọn èèyàn yẹn fún mi, bó ṣe máa ń ṣàpèjúwe àwòrán rẹ̀ ló ń ṣe é.

Ìyá mi ò sí mọ́. Kí ó tó lọ, mo kó ọwọ́ òsì 31 yìí fún un ní ilé rẹ̀, mo tẹ́ wọn sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó wò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó dé orí ọ̀kan ní àárín, ó fi ìka kan àpá kékeré tí mo yà sẹ́yìn ọwọ́ níbẹ̀. Ó ní, "Agolo mílíìkì." Ó wá bi mí nípa pátákó bùrọ̀dá rẹ̀, bí ẹni pé mo lè mọ̀, pé ṣé ẹnì kan ń lò ó ní Tudu lẹ́yìn tí wọ́n lọ, àbí wọ́n ti fi dáná.

A ti tẹ́ iṣẹ́ àwọn ọmọ sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín. Èyí tó wà nítòsí ilẹ̀kùn ni ti oṣù September, èyí tó wà lọ́hùn-ún ni ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ìlà kọ̀ọ̀kan ni ti ọmọ kọ̀ọ̀kan, ó sì wà níbẹ̀ láti bá yín sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ tẹ́ ẹ bá bi í. Tèmi náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo fi àyè bébà márùn-ún sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ilẹ̀ lásán ló wà níbẹ̀. Ẹ bá mi wò wọ́n. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà há díẹ̀, àwọn bébà sì sún mọ́ra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ bàtà yín sẹ́nu ọ̀nà.